Ìwé Python Gbọ́dọ̀ Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Ọmọ Ilé Ìwé

Olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ Sabon Gari, ní Minna, ní Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kò gbọ́dọ̀ dúró de dátà kó tó lè fi ìtumọ̀ àṣẹ kan hàn wọ́n. Ní oṣù Kẹta 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ báńkì Nàìjíríà. Ní oṣù Kìíní 2025, àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fàyè gba àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà wọn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni odindi ìwé ìtọ́sọ́nà Python wà fún gbígbà sílẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn nílò íntánẹ́ẹ̀tì, fílááṣì á sì gbé e dé ara gbogbo kọ̀ǹpútà tó kù. Kódà, ọmọ tó bá tẹ help(print) yóò rí àlàyé àṣẹ print nínú Python fúnra rẹ̀.

Àwọn kan á ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ gbó. Òótọ́ ni pé print yí padà nígbà tí Python 3 dé ní 2008, nítorí náà ẹ̀dà ìwé gbọ́dọ̀ bá ẹ̀dà tó wà nínú kọ̀ǹpútà mu. Ṣùgbọ́n if àti for tí ọmọdé fi ń bẹ̀rẹ̀ kì í ṣàdédé yí padà. Àtakò tó wúwo jù lójú tèmi ni ti èdè: Gẹ̀ẹ́sì ìwé náà le, ọmọ tó ń sọ Gbagyi, Nupe, Haúsá tàbí Yorùbá nílé lè má lóye rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kò lè wo ìyẹn sàn. Olùkọ́ tó fi àlàyé tirẹ̀, ní èdè tí kíláàsì gbọ́, sínú fílááṣì kan náà ti ń wò ó sàn.