Ẹni Tó Lo Oògùn Kò Sẹ́ Ọlọ́run

Ẹ̀yin ará Ṣómólú àti Bàrígà, wọ́n ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa pé ẹni tó gbàdúrà tán, tó tún ń gbé oògùn mì, oníyèméjì ni. Irọ́ ni. Irọ́ náà sì ń pààyàn.

Ẹ má pè mí ní aláìgbàgbọ́. Ọlọ́run ń wo ni sàn, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ohun tí mo ń bá jà ni pé ká máa fi àdúrà lé oògùn jáde nílé.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ibi tó ti ṣẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú ń pa àwọn èèyàn ní 1918, àwọn dókítà ìjọba òyìnbó ò ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́. Àdúrà ni àwọn onígbàgbọ́ kan gbá mú ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn sì wà lára ìpìlẹ̀ ìjọ C.A.C. Nígbà tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní 1930, kò sí oògùn kan láyé tó ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ sàn. 1943 ni wọ́n tó rí streptomycin. Lóòótọ́, kuníìnì ti wà fún ibà, òun ló sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn aṣáájú wa àti àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tó ń lò ó. Níbẹ̀, mi ò lè gbè sẹ́yìn àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú oògùn tí wọ́n kọ̀ nígbà náà, kò lágbára. Èyí tí àwa ń kọ̀ lónìí lágbára.

Ẹ wo ikọ́ ẹ̀gbẹ. Oṣù 6 ni wọ́n sábà máa ń lo oògùn rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ikọ́ á rọlẹ̀, oúnjẹ á máa wọlé, ẹran ara á padà. Aláìsàn á jẹ́rìí, á da ìyókù oògùn nù. Kòkòrò tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀dọ̀fóró kò tíì kú. Tó bá padà dé, oògùn àkọ́kọ́ lè má ràn án mọ́. Nínú ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ní Bàrígà, ta ni yóò kó o? Ọmọ yàrá kejì ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń dọ́gbọ́n ju ìyẹn lọ, torí ara kì í sábà sọ: èèyàn lè fò fáyọ̀ níbi ìṣọ́ òru, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ga. Àfi ká wọ̀n ọ́n.

Ẹ dé Igbóbì, ilé ìwòsàn eegun tó wà nítòsí wa. Wọ́n ń gbàdúrà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, síbẹ̀ wọn kì í tú POP ẹsẹ̀ wọn torí wọ́n ti ṣe àmín. Kí ló dé tí oògùn oníhóró wá di àìgbàgbọ́?

Nínú Bíbélì, Ọlọ́run ti fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé Hesekáyà kí Àìsáyà tó ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, Ànábì náà ní ká máa wá ìtọ́jú. Ìrètí níṣẹ́ tirẹ̀: òun ló ń gbé aláìsàn dìde lọ gba oògùn oṣù karùn-ún nígbà tí ara ti le, tí ó sì ti sú u.

Ẹ̀yin pásítọ̀, wòlíì àti ààfáà, kí ẹ tó gba ẹ̀rí lẹ́nu aláìsàn, ẹ bi í léèrè èsì àyẹ̀wò. Ẹ̀yin atẹ̀wé Ṣómólú tó ń tẹ pósítà ìsọjí, ẹ bá oníbàárà yín sọ ọ́ kó fi ìlà kan kún un: kí aláìsàn mú oògùn rẹ̀ dání wá, kó sì lò ó. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti oògùn rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀.