Ìbálé Kò Dá Dúró Rí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Ètò ìlú ni òwe yìí ń sọ, kì í ṣe ẹwà ọ̀rọ̀ lásán. Lóde òní, bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́langba, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí, olùkọ́ àti oníwàásù máa ń tẹnu mọ́ ni pé kí á sọ fún ọmọ pé kí ó takété, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá ṣe tí ìbálé fi níyì. Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òtítọ́; ìdajì kejì kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ewu wà fún àwọn ọmọ Apápá àti Ajégúnlẹ̀.

Pé ìbálé níyì láyé àtijọ́ kò ní àríyànjiyàn nínú. Orúkọ rẹ̀ gan-an sọ ìtumọ̀ rẹ̀: ọkọ bá ìyàwó nílé. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lẹ́yìn alẹ́ ìgbéyàwó, aṣọ funfun ni ẹlẹ́rìí. A ó gbé e pẹ̀lú owó àti ẹ̀bùn lọ sílé àwọn òbí ìyàwó, ijó àti ayọ̀ a sì sọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, agbè ẹmu tí kò kún tàbí páálí ìṣáná tí ó ti dín ni wọn yóò rí gbà, ìtìjú a sì bo gbogbo agbo ilé.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ni pé ìkìlọ̀ náà kò dá dúró rí. Agbo ilé ni ó yí i ká. Ọmọbìnrin kò lè jáde kí ìyá kan má mọ ibi tí ó ń lọ. Alárinà ni ó wà láàárín òun àti ọkùnrin tí ó bá fẹ́ ẹ. Nígbà tí ó bá rí nǹkan oṣù rẹ̀, ìyá àgbà a pè é sí kọ̀rọ̀, a sì sọ fún un pé láti ọjọ́ náà lọ, ọkùnrin lè fún un lóyún. Àwọn àgbàlagbà pàápàá ń kó ara wọn níjàánu: ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú kì í bá ọkọ sùn títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú, èyí tí ó máa ń tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ni wọ́n ń ṣe. Àbùkù kan ni àṣà náà ní, pé ọrùn ọmọbìnrin nìkan ni wọ́n gbé ẹrù náà kọ́. Kò sí ẹni tí ó tẹ́ aṣọ funfun fún ọmọkùnrin.

Kí ni ó ṣẹ́kù nínú ètò yìí ní etí èbúté Èkó? Ní 1926 ni wọ́n ṣí èbúté Apápá fún àwọn ọkọ̀ òkun ńlá, ti Tin Can sì tẹ̀lé e ní 1977. Èbúté pe òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ ń wá ilé, Ajégúnlẹ̀ sì gba gbogbo wọn, láti Ìlàjẹ títí dé ilẹ̀ Ìbò àti Niger Delta. Níbẹ̀, òbí àti ọmọ lè jọ máa sun yàrá kan ṣoṣo, kí aṣọ ìkélé máa ṣe ògiri láàárín wọn. Ọmọbìnrin tí ó dé láti ilé ẹ̀kọ́ lè gbé omi inú ọ̀rá lérí lọ bá àwọn awakọ̀ tírélà lójú títì. Ní àdúgbò àwọn ọlọ́rọ̀ ní Apápá, ilé tóbi, ó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n òbí ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ wà pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀, awakọ̀ àti fóònù rẹ̀. Èrò pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, èrò kò pọ̀ ní Apápá, ṣùgbọ́n igba ojú ti kúrò ní méjèèjì. Bákan náà, láti ìgbà tí ara ọmọbìnrin bá ti yí padà títí di ìgbà tí yóò parí Yunifásítì, ó lè lé ní ọdún mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “má ṣe é,” ni a fẹ́ kí ó gbé gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Àwọn Amẹ́ríkà ti dán irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ wò. Òfin 1996 ya mílíọ̀nù 50 dọ́là sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ẹ̀kọ́ ìtakété nìkan. Ní 2007, ìjábọ̀ ìwádìí tí ìjọba fúnra rẹ̀ sanwó fún jáde lórí mẹ́rin nínú àwọn ètò náà, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tí ó lé ní 2,000. Àwọn tí a kọ́ àti àwọn tí a kò kọ́ kò yàtọ̀ síra. Bákan náà ni ọjọ́ orí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀ ṣe rí. Ìwádìí mìíràn ní 2001 fi hàn pé ẹ̀jẹ́ ìtakété máa ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ kan dúró fún ìgbà díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀jẹ́ bá já, wọn kì í sábà dáàbò bo ara wọn. Ìdúró náà kì í ṣe ohun kékeré, kò sì yẹ kí á fi í ṣẹ̀fẹ̀. Àìmọ̀kan tí ó tẹ̀lé e ni ó burú.

Nàìjíríà náà ti rí ohun tí ìdákẹ́jẹ́ ń fà. Ní 1985, nígbà tí a kọ́kọ́ rí àrùn éèdì ní orílẹ̀-èdè yìí, ọ̀kan nínú àwọn méjì àkọ́kọ́ tí a rí i lára wọn jẹ́ ọmọbìnrin ọdún 13. Ní 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó ti jẹ mínísítà ètò ìlera, jáde sọ ní gbangba pé àrùn náà ni ó pa àbúrò òun, Fẹlá. Ní 1999 ni Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí i kí á máa kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nílé ẹ̀kọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ Action Health Incorporated. Ìtakété ni ó gba ipò iwájú nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá 2022, Adamu Adamu, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé.

Àwọn tí wọ́n fara mọ́ àṣẹ náà ní ẹ̀kọ́ yìí ni yóò la ọmọ lójú. Ó yẹ kí á bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rù wọn, nítorí ẹ̀rù òbí ni. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ tí ó ní fóònù lọ́wọ́ ti là tipẹ́. Àjọ UNESCO, nínú ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ti 2018, ṣàlàyé pé ìwádìí kò fi hàn pé irú ẹ̀kọ́ yìí ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ìṣekúṣe sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó tún wúwo ju èyí lọ. “Má ṣe é” gbà pé ọwọ́ ọmọ ni ìpinnu wà. Kí ni yóò sọ fún ọmọ ọdún 12 tí àgbàlagbà ilé kan náà fi ipá mú? Bí ìtakété nìkan ni ó bá kọ́, òun ni yóò rò pé òun ṣẹ̀, yóò sì pa ẹnu mọ́. Ó yẹ kí ó mọ̀ pé òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Èkó, 2007, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, àti pé lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn ti 2011, ẹ̀wọ̀n gbére ni ẹ̀san ẹni tí ó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Ó yẹ kí ó mọ̀ pé láti 2013 ni Mirabel Centre ti wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà fún irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ yìí kò tako ìwà mímọ́; ààbò ni.

Nítorí náà, kí ìtakété máa jẹ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Kí ìyá ṣàlàyé nǹkan oṣù kí ó tó dé, kí baba bá ọmọkùnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ó ti ń bá ọmọbìnrin wí, kí olùkọ́ dárúkọ àrùn àti ohun tí ń dènà rẹ̀ láìtijú. Kí ẹgbẹ́ onílé, ìjọ àti mọ́sálásí ní Ajégúnlẹ̀ àti Apápá mọ ẹni tí ọmọ lè sá tọ̀ lóru. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìbálé padà níyì, igba ojú ni kí ó kọ́kọ́ dá padà.