Àbẹ̀wò Òjijì sí Ojú Ogun: Ìgboyà Olórí ni, àbí Ọgbọ́n Òṣèlú?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 27, oṣù Kọkànlá, ọdún 2003, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bí 600 péjọ sí gbọ̀ngàn ìjẹun kan ní pápákọ̀ òfúrufú Baghdad láti jẹ oúnjẹ ọjọ́ Ìdúpẹ́. Paul Bremer, ẹni tí Amẹ́ríkà fi ṣe alákòóso ilẹ̀ Iraq nígbà náà, dìde láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní òun ní iṣẹ́ kan láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ tí òun fẹ́ kà sí wọn létí, ṣùgbọ́n ó béèrè bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ipò rẹ̀ ga ju tòun lọ tí ó lè bá òun kà á. Bí ó ti ń sọ èyí lọ́wọ́ ni George W. Bush fúnra rẹ̀ yọ láti ẹ̀yìn. Gbogbo gbọ̀ngàn hó.

Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì parí, nítorí pé gbogbo ìgbà tí olórí kan bá yọ sí àwọn ọmọ ogun lójijì ni ìbéèrè náà tún ń jí dìde. Ṣé ọkàn akin ni ó gbé olórí náà lọ, àbí ìbò ni ó ń wá?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún ìgboyà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tí kò ní àmì kankan ni Bush bá kúrò ní ilé rẹ̀ ní Crawford, ní ìpínlẹ̀ Texas, òun àti Condoleezza Rice, tí àwọn méjèèjì dé fìlà bí ẹni tí kò fẹ́ kí a dá òun mọ̀. Àwọn oníròyìn díẹ̀ tí ó bá wọn lọ kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí bàálù ń sọ̀ kalẹ̀ ní Baghdad, wọ́n pa gbogbo iná rẹ̀. Wọn kò ṣe èyí fún àṣehàn: ọjọ́ márùn-ún péré ṣáájú ìgbà náà ni àwọn ajàjàgbara ti yin bàálù akẹ́rù kan nígbà tí ó gbéra ní pápákọ̀ náà gan-an, tí ìyẹ́ rẹ̀ sì gbiná. Òjijì inú irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ààbò ni. Bí ọ̀tá bá mọ wákàtí tí olórí yóò dé, ẹ̀mí rẹ̀ nìkan kọ́ ni ó wà nínú ewu, bí kò ṣe ti gbogbo ẹni tí ó yí i ká. Ẹni tí ó bá ní kò sí ewu nínú ìrìn àjò náà kò ṣe òótọ́.

Òṣèlú náà kò sì fara pamọ́. Ìdìbò Ààrẹ Amẹ́ríkà kù ọdún kan péré. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Karùn-ún ọdún kan náà ni Bush ti dúró lórí ọkọ̀ ojú omi ogun USS Abraham Lincoln, lábẹ́ pátákó tí ó kéde pé iṣẹ́ ti parí, síbẹ̀ oṣù Kọkànlá ni iye ọmọ ogun tí ó kú ní Iraq pọ̀ jù lọ láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀. Wákàtí méjì àbọ̀ ni Ààrẹ lò ní Baghdad. Àwòrán tí ó kárí ayé ni èyí tí ó ti gbé àwo tòlótòló ńlá kan dání. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn jáde pé ọ̀ṣọ́ tábìlì ni tòlótòló náà, àti pé inú àwo oúnjẹ mìíràn ni wọ́n ti bu tàwọn ọmọ ogun. Àwọn alátakò rẹ́rìn-ín títí. Ní tiwa, a kò rò pé tòlótòló kan tó láti fi dá olórí lẹ́jọ́. Hillary Clinton, tí òun àti Bush kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun ní Afghanistan ní ọjọ́ Ìdúpẹ́ yẹn kan náà, ó sì dé Baghdad ní ọjọ́ kejì. Kò sí ẹgbẹ́ kan tí kò mọ iyì irú àwòrán bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí a rántí pé orúkọ tí àwa Yorùbá ń pe olórí orílẹ̀-èdè lónìí, Ààrẹ, ojú ogun ni a ti mú un wá. Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn kò ṣe àbẹ̀wò sí ogun Kírìjì. Ó kó lọ sí ibùdó ogun ni, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1885, nígbà tí ogun náà kò tíì tán. Ayé ti yí padà. A kò retí kí olórí òde òní máa sùn nínú àgọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti jẹ́ pé wákàtí díẹ̀ ni ó lè lò, ohun tí ó fi wákàtí náà ṣe ni a gbọ́dọ̀ wò.

Ẹ wo Volodymyr Zelensky. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kejìlá, 2022, ó lọ sí Bakhmut, ní ìlà oòrùn Ukraine, níbi tí ìjà ti gbóná jù lọ nígbà náà. Ó fi àmì ẹ̀yẹ dá àwọn ọmọ ogun lọ́lá, wọ́n sì fún un ní àsíá tí wọ́n fọwọ́ sí. Ní ọjọ́ kejì, ó ti wà ní Washington, ó sì gbé àsíá náà lé àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà lọ́wọ́ nígbà tí ó ń bẹ̀ wọ́n fún ohun ìjà. Òṣèlú pọ́ńbélé ni. Àmọ́ òṣèlú tí èrè rẹ̀ ń padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó wà nínú kòtò ogun ni, bí kò tilẹ̀ gba ìlú náà là: ní oṣù Karùn-ún 2023, Rọ́ṣíà kéde pé Bakhmut ti bọ́ sí òun lọ́wọ́.

Nílé níbí ńkọ́? Ní ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, 2015, tí í ṣe ọjọ́ ìrántí àwọn ológun tí ó ti kú, Ààrẹ Goodluck Jonathan dé Maiduguri láìròtẹ́lẹ̀. Ó kí àwọn ọmọ ogun, ó sì rí àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Boko Haram ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlu Baga nínú oṣù náà ni. Láti oṣù Kẹta 2013 ni Ààrẹ ti dé Borno kẹ́yìn, ìdìbò tí a fi sí ọjọ́ 14, oṣù Kejì sì kù oṣù kan. Àwọn tí ó pè é ní ìpolongo ìbò rí ohun tọ́ka sí. Àwọn tí ó gbóríyìn fún un náà kò purọ́, nítorí Maiduguri ìgbà yẹn kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń lọ fún ìgbafẹ́. A sún ìdìbò síwájú sí ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, Jonathan sì fìdí rẹmi. Bush ní tirẹ̀ wọlé ní 2004, síbẹ̀ nígbà tí ó tún yọ sí Baghdad lójijì ní oṣù Kejìlá 2008, oníròyìn ilẹ̀ náà kan sọ bàtà méjèèjì lù ú. Ẹni tí ó bá rò pé àbẹ̀wò òjijì ni ó ń mú olórí wọlé tàbí tí ó ń jí orúkọ rẹ̀ dìde, ìtàn kò gbè é.

Nítorí náà, ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀, kò tó ìbéèrè. Ìgboyà àti òṣèlú lè jọ wọ ọkọ̀ òfúrufú kan. Ohun tí ó kan ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní ibùdó ológun ní Borno lónìí ni bóyá ọmọ náà lè la ẹnu sọ òtítọ́ lójú àlejò ńlá. Ní oṣù Kejìlá 2004, Donald Rumsfeld, ẹni tí ó wà nídìí ètò ààbò Amẹ́ríkà, bá àwọn ọmọ ogun pàdé ní Kuwait, ó sì ní kí wọ́n bi òun léèrè. Ọ̀kan dìde, ó béèrè ìdí tí àwọn fi ń wa irin àlòkù nínú ààtàn láti fi bo ara ọkọ̀ tí àwọn fẹ́ gbé wọ Iraq. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìdáhùn Rumsfeld kò tẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́rùn, àmọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni iléeṣẹ́ ológun ti ní kí a máa ṣe ọkọ̀ tí irin bò lára sí i lóṣooṣù. Kò sí ẹni tí ó gbé tòlótòló ní ọjọ́ náà.

Ní Maiduguri, nígbà tí Ààrẹ ń bọ àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́, kò tíì pé oṣù kan tí ilé ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún ọmọ ogun 54 ní Abuja. Àwọn yìí kọ̀ láti lọ sí ogun kan tí a fẹ́ fi gba Damboa àti àwọn ìlú mìíràn padà, wọ́n ní ohun ìjà tí a fún àwọn kò tó láti kojú Boko Haram. Ní oṣù Kẹsàn-án tí ó ṣáájú ni a ti dá irú ẹjọ́ kan náà fún àwọn 12 mìíràn. Ìjọba mìíràn ni ó wà lórí oyè nígbà tí iléeṣẹ́ ológun yí ìdájọ́ ikú àwọn 66 náà padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, ní ìparí ọdún 2015.