Ọṣẹ Ìfọyín: Kí Ni Kí Á Wò Kí Á Tó Rà Á?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fẹ́ràn àwọn tí ń ṣe ìmọ́tótó. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, ẹni tí ó gba ìjọ rẹ̀ níyànjú láti máa fọ ẹnu, pàápàá jù lọ nígbà ìrun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, àwọn kan láàrin wa ń ra ọṣẹ ìfọyín tí a ya àwòrán síwáàkì sí lára ní owó gọbọi, nítorí wọ́n rò pé ẹni tí ó bá ń lò ó ti di ẹni tí ń tẹ̀lé Súnnà. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí Súnnà ń wá ni kí ẹnu mọ́, kí òórùn rẹ̀ má sì ni ẹni tí ó dúró tì wá lára ní sáàfù. Ẹni tí ó bá run igi árákì tàbí pákò Ìjẹ̀bú dáadáa ti ṣe é. Àwòrán igi lára páálí kò fọ eyín ẹnikẹ́ni.

Kí wá ni kí á wò? Fluoride ni. A máa ń sọ pé kòkòrò ń jẹ eyín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdin. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu wa ni ó ń sọ ṣúgà tí a jẹ di omi kíkan, omi náà ni ó sì ń jẹ eyín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lu. Fluoride a máa mú eyín le láti dojú kọ ọ́. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ka ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí ní ọdún 2021.

Ẹ ka ara páálí. Kí fluoride rẹ̀ wà láàrin 1000 sí 1500 ppm, kí nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀, kí ọjọ́ rẹ̀ má sì tíì kọjá. Nínú àwọn ọṣẹ tí ń jẹ́ orúkọ síwáàkì, òmíràn ní fluoride, òmíràn kò ní. Ìfófòó kì í ṣe agbára, bẹ́ẹ̀ ni owó gọbọi kì í ṣe ẹ̀rí. Èyí tí ó ní èédú tàbí tí ó rí ṣákaṣàka lè ha ara eyín. Ẹni tí glycerin inú rẹ̀ bá ń kọ lóminú, kí ó wá èyí tí a kọ ọ́ sí pé ti ewéko ni.

Ẹ fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójoojúmọ́, kí ọ̀kan jẹ́ kí ẹ tó sùn. Ẹ tu ìfófòó dànù, ẹ má fi omi púpọ̀ yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan tó fún un. Nínú Rọmọdọ́ọ̀nù, ẹ fọ ọ́ lẹ́yìn sààrì kí àfẹ̀mọ́júmọ́ tó yọ, kí ọkàn yín lè balẹ̀.

A kò ní kí ẹ sọ pákò nù. Ẹ máa run ún nígbà ìrun, kí ẹ sì lo ọṣẹ ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò fi orúkọ ẹ̀sìn yín gba owó yín. Kí Ọlọ́hun fún wa ní òye. Àmín.