Ojú Àkùkọ Tó Gbọgbẹ́ àti Ìtọ́jú Rẹ̀ Nílé

Ìjà ló sábà máa ń ṣe àkùkọ ẹ̀yìnkùlé léṣe lójú ní Mushin, Surulere àti Yaba, ní Èkó. Ilé sún mọ́ra, ògiri tó wà láàrin kò ga. Àkùkọ ilé kejì yóò fò gun orí ògiri, yóò kọ, tibí yóò dá a lóhùn, kí onílé sì tó ti inú yàrá jáde, ògàn ti wọlé. Ogbe ni àwọn àkùkọ máa ń ṣá jù, ojú kò sì jìnnà sí ogbe. Níbi tí kò bá ti sí ìjà, wáyà ẹnu àgò, ìṣó tó yọ lára pákó, tàbí yanrìn àti sìmẹ́ńtì láti ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí ẹyinjú kò bá tíì bẹ́, irú ọgbẹ́ báyìí ṣeé tọ́jú nílé. Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ènìyàn dà sójú náà ló ń parí iṣẹ́ tí ògàn bẹ̀rẹ̀: ìtọ̀, ògógóró, ìpara Robb, omi álọ́ọ̀mù, tàbí oògùn ojú tí ìyá àgbà lò kù.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àkùkọ náà, ó yẹ kí ó mọ̀ bóyá ọgbẹ́ ni tàbí àrùn. Ojú kan ṣoṣo ni ọgbẹ́ sábà máa ń wà, àkùkọ yóò ṣì máa jẹun, yóò sì máa kọ. Bí ojú méjèèjì bá wú, tí imú ń ṣomi, tí òórùn burúkú ń jáde, tí àwọn adìẹ yòókù sì ń ṣe bákan náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà mọ́. Èépá dúdú lára ogbe àti létí ìpéǹpéjú jẹ́ àmì ṣọ̀pọ̀nná adìẹ, tí ẹ̀fọn máa ń gbé kiri. Wọn kì í fi èékánná ṣí èépá yẹn. Omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n fi ń rọ̀ ọ́ kí ojú lè là. Adìẹ tó bá ń jẹ àgbàdo funfun nìkan láìrí ewé jẹ lè ní ọyún dídì bíi wàrà lábẹ́ ìpéǹpéjú nítorí àìtó fítámì A. Àgbàdo pupa, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti epo pupa díẹ̀ ló ń ṣàtúnṣe ìyẹn. Aran kan tilẹ̀ wà tó ń gbé inú ojú adìẹ: ara aáyán ni adìẹ ti ń kó o, aran náà á sì ti inú ọ̀nà ọ̀fun gòkè dé ojú. Bí ìgbẹ́ bá sì pọ̀ nínú àgò tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀, òórùn rẹ̀ nìkan tó láti mú kí ojú pọ́n kí ó sì máa ṣomi.

Ọ̀kan wà nínú àwọn àrùn tó ń mú ojú adìẹ wú tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá tọ́jú nílé. Ní oṣù Kejì ọdún 2006 ni wọ́n fìdí àrùn H5N1, tí wọ́n ń pè ní bird flu, múlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà, ní oko adìẹ kan ní Jaji, ìpínlẹ̀ Kaduna. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní ọdún 2007, ó ti pa obìnrin ẹni ọdún 22 kan ní Èkó, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn náà ràn ní Nàìjíríà. Bí orí àti ojú adìẹ bá ṣàdéédé wú, tí ogbe rẹ̀ ń dúdú, tí òmíràn sì ń kú lójijì, wọn kì í pa á jẹ, wọn kì í tu ìyẹ́ rẹ̀. Àwọn dókítà ẹranko ìjọba ló yẹ kí wọ́n pè.

Bó bá dájú pé ọgbẹ́ ni, ìrọ̀lẹ́ ló rọrùn jù láti mú àkùkọ, nítorí ara rẹ̀ ti wálẹ̀ nígbà náà. Aṣọ ìnura ni wọ́n fi ń wé ìyẹ́ apá rẹ̀ mọ́ ara, orí nìkan ni yóò yọ síta. Wíwé náà kò gbọ̀dọ̀ le mọ́ àyà. Egungun àyà ẹyẹ ní láti máa lọ síwá sẹ́yìn kí èémí tó lè wọlé, ẹni tó bá sì fún àyà àkùkọ mọ́wọ́ pinpin lè pa á níbi tó ti ń wá ìwòsàn fún un. Tí wọ́n bá fi ọwọ́ bo ojú tó dára, yóò dákẹ́. Kí ẹlòmíràn wá tan tọ́ọ̀ṣì.

Ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n rọra fà wálẹ̀, nítorí òun ló máa ń gòkè pa ojú adìẹ dé ju tòkè lọ. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò máa yọ láti igun ojú lápá imú, yóò kọjá lórí ẹyinjú, yóò sì padà. Awọ yìí kì í ṣe àìsàn. Ìpéǹpéjú kẹta ni, gbogbo adìẹ ló ní in, òun ló sì ń nu ẹyinjú. Ẹni tó bá rò pé ojú ló ń bò, tó wá fẹ́ fi nǹkan fà á yọ, yóò ba ojú tó ṣì dára jẹ́.

Omi ni oògùn àkọ́kọ́. Omi dírípù oníyọ̀ tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ló dára jù. Bí kò bá sí, omi inú ọ̀rá kan tó tó ìdajì lítà ni kí wọ́n sè dáadáa, kí wọ́n po iyọ̀ síbí tíì kan tí kò kún dé etí mọ́ ọn, kí ó sì tutù di lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni kí wọ́n fi ṣàn án sójú díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ, ipin àti yanrìn yóò fi bọ́ fúnra wọn. Aṣọ funfun tó rọ̀ sàn ju òwú lọ fún nínu etí ojú, nítorí fọ́nrán òwú máa ń kù sínú egbò. Ohun tó bá gún wọ inú ẹyinjú gan-an kò ṣeé fà yọ nílé.

Lẹ́yìn omi ni oògùn kíkùn sójú, irú èyí tó ní tetracycline. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí i, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ẹnu ọ̀pá oògùn kò sì gbọ̀dọ̀ kan ojú. Níbí ni ó ti yẹ kí ènìyàn ka ara páálí dáadáa. Oògùn ojú tó bá ní dexamethasone tàbí betamethasone nínú kò yẹ ojú tó gbọgbẹ́. Yóò mú pípọ́n ojú lọ, onílé yóò rò pé ó ti ń san, bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí awọ iwájú ẹyinjú jinná, kòkòrò á sì ráyè jẹ ẹ́ wọ inú. Chloramphenicol náà wọ́pọ̀, ó sì rọ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹran jíjẹ ni adìẹ. Oògùn yẹn lè dá iṣẹ́ mùdùnmúdùn tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ dúró lára àwọn ènìyàn kan. Ìdí nìyẹn tí Yúróòpù fi fòfin dè é lára ẹran jíjẹ ní ọdún 1994. Oògùn yòówù kí wọ́n lò, dókítà ẹranko ni kí ó sọ iye ọjọ́ tí yóò kọjá kí wọ́n tó lè pa àkùkọ náà jẹ.

Àkùkọ tó gbọgbẹ́ kì í gbé láàrin àwọn yòókù. Àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ máa ń fa ẹnu adìẹ mọ́ra, àwọn abo rẹ̀ gan-an yóò sì máa ṣá egbò náà. Inú àgò tó wà níbòji, tí kò ní eruku, ló yẹ ẹ́, kí oúnjẹ àti omi wà lápá ojú tó ríran. Wọ́n lè ti ẹnu rẹ̀ bọ omi lẹ́ẹ̀kan kí ó lè mọ ibi tó wà. Ibi tó bó díẹ̀ lára awọ ojú máa ń jinná láàrin ọjọ́ mélòó kan. Bí ojú kò bá tíì là lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tí àwọ̀ funfun tàbí búlúù bo ẹyinjú, tàbí tí ẹyinjú bẹ́, ó di ọwọ́ dókítà ẹranko. Àwọn kan á ní owó dókítà ju owó àkùkọ lọ. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀, tó sì dá a lójú pé ọgbẹ́ lásán ni, kí ó tètè pa á kí oògùn kankan tó wọ ara rẹ̀. Fífi í sílẹ̀ nínú ìrora láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nítorí kí ó lè dé ọdún Kérésì, kò dára rárá.

Bí ojú kan bá lọ, àkùkọ yóò ṣì máa kọ, yóò sì máa gun abo, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ayé rẹ̀ ti ṣókùnkùn pátápátá. Ojú adìẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, èkejì kì í sì ríran fún ìkíní. Apá tó ríran ni kí onílé máa gbà sún mọ́ ọn, pẹ̀lú ohùn, kí ó má baà ta gìrì. Kò yẹ kí ó bá àkùkọ mìíràn gbé inú ọgbà kan náà mọ́. Kò sì yẹ kí wọ́n dà á síta ní òpópónà bíi ti Lawanson tàbí Ìdí-Oro, níbi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ti lè gba apá tí kò ríran yọ sí i.