Jígí kì í ba ojú jẹ́ o

Àwọn kan ń sọ lórí pèéjì yìí pé jígí ló ń ba ojú jẹ́, pé ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́. Irọ́ ni! Téèyàn bá ti lé ní ọdún 40, léǹsì inú ẹyinjú á máa le sí i, kò ní lè ríran nítòsí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ lo jígí o, ẹ ò lò ó o, á ṣáà máa le ni.

Èmi náà ṣagídí. Ọdún méjì ni mo fi ń na fóònù jìnnà bí ẹni fẹ́ ya fọ́tò. Ọjọ́ tí mo ka ₦5,000 sí ₦50,000 nínú alẹ́ẹ̀tì, tí oníbàárà sì ti gbé ọjà lọ, ni ojú mi tó là.

Ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí wọ́n pè yín ní arúgbó. Ṣé wọn ò rí ewú orí yín ni?

Nígbà tí Tinubu jẹ́ gómìnà l'Ékòó, wọ́n fún àwọn ìyá wa ní jígí ọ̀fẹ́, Jigi Bola. Ojú ta ló fọ́ nítorí ẹ̀?

Ibi tí mo ti gbà fún yín ni ti jígí tí wọ́n ń kiri lójú títì. Á jẹ́ kẹ́ ẹ kàwé lóòótọ́, àmọ́ ta ló yẹ ojú yín wò? Glókómà kì í sábà dunni, ibi tó bá sì ti jẹ lójú kì í padà. Ẹ lọ bá dókítà ojú kọ́kọ́.

Ẹni tó bá mọ ẹni tí jígí fọ́ lójú, kó wá sọ ọ́ níbí.