Ìlù Reni ńkọ́?

Sí Olóòtú,

Òǹkọ̀wé yín ní àfarawé orin àwọn ọdún 1960 lásán ni àwo àkọ́kọ́ tí The Stone Roses, àwọn ọ̀dọ́ Manchester, gbé jáde ní 1989. Mi ò gbà. Lóòótọ́, gìtá John Squire rán ni létí ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ìlù Reni àti báàsì Mani ńkọ́? Kí òǹkọ̀wé yín tún gbọ́ ìparí “I Am the Resurrection”. Ian Brown, akọrin wọn, ti dákẹ́, àwọn mẹ́ta yòókù wá ń lù ú lọ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ ó mọ́. Ta ló lè gbọ́ ìyẹn kó ṣì jókòó?

“Don’t Stop” ni mo fẹ́ràn jù nínú àwo náà. Téèpù “Waterfall”, orin mìíràn nínú rẹ̀, ni wọ́n yí sẹ́yìn, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ tuntun lé e. Àwọn Beatles ti dán irú rẹ̀ wò ní 1966, ṣùgbọ́n bíńtín ni wọ́n fi sínú orin tiwọn.

Ó tún ku ọ̀kan. “Fools Gold” tí òǹkọ̀wé yín ní òun nìkan ló dùn nínú àwo náà, kò sí nínú èyí tó kọ́kọ́ jáde nílùú Ọba. Oṣù kọkànlá ọdún 1989 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwo wo gan-an ni wọ́n gbọ́?

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín